Ilé tí wọ́n wó lọ́jọ́ Sunday, ọgbà ẹ̀wọ̀n tó di ilé fàájì

1/ Dìsẹ́ńbà ń bọ̀. Mo ti mọ ìbéèrè tó máa kún inú DM mi: "Ẹ̀gbọ́n, níbo la lè lọ ní Èkó?" Gbogbo yín á gba etíkun lọ, ẹ á gba kíláàbù lọ, owó á tán, fọ́tò á kù. Kò burú, èmi náà máa ń lọ. Àmọ́ lọ́dún yìí, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo ká jọ rìn ní Island. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ó máa gùn díẹ̀ o.

2/ Ìta Tinúbú la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú ló ni orúkọ yẹn. Oníṣòwò ńlá ni. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1856, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i dájú pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Ó kọrí sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di áńgẹ́lì ṣá: ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta ohun ìjà, ó tún ta ènìyàn. Ẹ fi ìkẹyìn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

3/ Ní ìdí Ìta Tinúbú yẹn náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tẹ́lẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ lókè bí ọrun. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìdílé Fernandez ló ni ín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Casa do Fernandez. Wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ. Orúkọ tí ará Èkó mọ̀ ọ́n sí ni Ilojo Bar. Ìdílé mìíràn rà á ní 1933. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o.

4/ Ní 11 September 2016, ọjọ́ Sunday, wọ́n wó o.

Mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi lọ́jọ́ náà. Mo wò ó, mo fìka tì í sókè, mo kọjá. Ilé àtijọ́ kan wó, kí ló kàn mí? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ fún yín.

5/ Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo sin ìyá àgbà mi lọ sí Island. Bí a ṣe dé Tinúbú, wọ́n dúró gbári, wọ́n na ìka sí ibi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n ní, "Ilé yẹn dà?" Mo ní wọ́n ti wó o, Màmá. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wọ mọ́tò. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa Island. Torí náà, ẹ má rò pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ìtìjú ló lé mi débẹ̀.

6/ Ta wá ni àwọn Fernandez yìí? Àwọn Àgùdà ni à ń pe irú wọn. Ní 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun ní Salvador, ní Bahia, ní Brazil. Yorùbá Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ẹ fetí sí i dáadáa: ìmàle. Lẹ́yìn ogun yẹn, ojú le mọ́ gbogbo ènìyàn dúdú níbẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn fowó ara wọn wọkọ̀ ojú omi padà sílé.

7/ Àwọn tó dé Èkó tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos. Ibẹ̀ ni da Silva, Pereira, Salvador, da Rocha ti wá. Ìjọ Kátólíìkì pọ̀ láàárín wọn débi pé títí dòní, "Ìjọ Àgùdà" ni Yorùbá ń pe Kátólíìkì. Ẹ wá rántí ohun tí mo sọ nípa Màmá Tinúbú: àwọn tí wọ́n tà bí ẹrú, àtàwọn ọmọ wọn, padà wá kọ́lé sí ẹ̀bá ìta tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ta ènìyàn. Àwọn pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n jọ dé: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀.

8/ Ẹ fẹ́ rí iṣẹ́ wọn? Ẹ yà sí Martins Street, ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló náwó rẹ̀. João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ní July 1894, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Sultan ilẹ̀ Turkey sì fi oyè "Bey" ránṣẹ́ sí Shitta. Owó ọmọ Sierra Leone, ọwọ́ ọmọ Brazil, oyè Turkey, gbogbo rẹ̀ ní àárín Èkó. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀. Ẹ bo orí yín, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́.

9/ Láti ibẹ̀, Kakawa Street kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Water House wà. Wọ́n kó João Esan da Rocha ní kékeré láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí Brazil. Ó padà dé Èkó, ó kọ́lé, kànga wà nínú ọgbà ilé náà, wọ́n sì ń ta omi. Candido ọmọ rẹ̀ di olówó tí gbogbo Èkó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé Brazil kan, Antonio Olinto, tilẹ̀ fi ilé yìí sọ orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀.

10/ Ẹ̀yin tí Nollywood ń dùn mọ́, ẹ jẹ́ ká yọ sí Glover Hall, nítòsí Marina. August 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han èrò ní Nàìjíríà, níbẹ̀ ni. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ní 1944, Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ síbẹ̀, eré ìjọ ni. Ọlọ́pàá ni Ògúndé nígbà yẹn o! Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ tíátà di iṣẹ́ oojọ́.

11/ Ó di Broad Street. Ní 1872, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀, amọ̀ àti koríko ni. Ní 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba, wọ́n tún un kọ́. Macaulay tó ń gbé sinimá wá yẹn? Wọ́n tì í mọ́bẹ̀. Awólọ́wọ̀ náà wọ̀ ọ́. Ní 1979, wọ́n wó o. Ilẹ̀ yẹn wá di ààtàn.

12/ Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló rí nǹkan mìíràn nínú ààtàn yẹn. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣí i ní Freedom Park. Lónìí, ẹ lè jẹun níbẹ̀, ẹ lè gbọ́ orin, ẹ lè wo eré. Ògiri àtijọ́ ṣì wà. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn. Ẹ rọra jó.

13/ Ohun tó ń yí mi lórí nìyí. Ilojo Bar ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ fún 60 ọdún, ó wó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wó tán, síbẹ̀ ibẹ̀ ń mí. Kí ló fà á? Lójú tèmi, ìwé nìkan kì í gba ilé là. Ẹsẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde ló ń gbà á. Mọ́ṣáláṣí dúró torí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀.

14/ Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú onílé: ilẹ̀ Island wọ́n bí ojú. Tí òrùlé ń jò, tí ọmọ mẹ́wàá jọ jogún ilé kan, tí wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ wó o, ẹ ò gbọdọ̀ tà á, ta ló máa san owó àtúnṣe? Ká dá ìbéèrè yìí lóhùn ká tó ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ilé tó ń mówó wọlé kò ní yá onílé lára láti wó.

15/ Torí náà, tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣe pàtàkì. Oúnjẹ tí ẹ rà lọ́wọ́ màmá tó ń tajà ní Campos ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá wá ní àsìkò Ọdún Àjíǹde, ẹ máa bá Fanti Carnival, ẹ ó rí àwọn ọmọ Àgùdà nínú aṣọ alárànbarà. Ní Good Friday, ẹ wá ẹni tó máa fún yín ní frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ẹ ò ní padà sí ewé àti ẹ̀wà kíákíá.

16/ Ní ìparí, iṣẹ́ kékeré kan. Ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín tó gbé Island rí. Ẹ bi í pé: "Ilé wo lẹ rántí?" Kì í ṣe kí n fi ṣe content. Ìyá àgbà mi dá ìbéèrè tèmi lóhùn, àwọn náà sì fi ìbéèrè dáhùn, mi ò rí nǹkan fi hàn wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ilé tí wọ́n bá dá sí ìsàlẹ̀ níbí. Èyí tó bá ṣì dúró nínú wọn, a máa lọ wò ó ní Dìsẹ́ńbà.