Orúkọ Ìkápá
Orúkọ ìkápá ni orúkọ tí a fi ń pe ilé tí ìkànnì ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé nọ́ńbà gbọọrọ bí 192.0.2.10, tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn, kì í pẹ́ lọ́kàn ọmọ aráyé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ó yẹ kí ẹni tó ń to sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, ní nọ́ńbà tí kì í yẹ̀, kí ó tó so orúkọ mọ́ ọn. Ṣáájú DNS, ètò tó ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ló gba gbogbo orúkọ. Bí TTL, ìyẹn iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lè fi tọ́jú ìdáhùn DNS, bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 86400, tí a sì ṣí sáfà nípò lójijì, odindi ọjọ́ kan ni orúkọ lè fi máa darí àlejò sí ahoro. Ọlọgbọ́n a ti dín TTL kù sí 300 lọ́jọ́ méjì ṣáájú.