Fíìmù Tí Ìbẹ̀rù Dá Dúró: Half of a Yellow Sun ní Ọdún 2014

Ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, ọdún 2014 ni ó yẹ kí Half of a Yellow Sun bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé sinimá Nàìjíríà. Biyi Bandele, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan, ni ó darí rẹ̀, láti inú ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní 2006. Ọjọ́ pé, fíìmù kò jáde. Àjọ tí ó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kò tíì fún un ní ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ààbò ni a gbọ́.

A kò ní dá àjọ náà lẹ́bi tán. Ọjọ́ 14 oṣù yẹn gan-an ni bọ́ǹbù dún ní Nyanya, òru ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lọ ní Chibok. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fẹ̀hónú hàn ní ìgboro Kano nítorí fídíò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí ó bú Ànábì. Fíìmù Bandele sì fi hàn bí wọ́n ṣe pa àwọn Ìgbò ní pápákọ̀ òfurufú Kano. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n èwo ni ejò, èwo ni ekòló níbí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Old Market ní Lọ́kọ́ja. Ìyá Ìgbò, Hausa, Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń ná ọjà ní èdè méjì-mẹ́ta. Ìtàn ogun tí a kò sọ ní gbangba, inú yàrá ni olúkúlùkù ti ń sọ tirẹ̀. Iye òkú a pọ̀ ní ilé kan, a dín kù ní ilé kejì. Ẹ̀rù èyí bà wá ju ti fíìmù lọ.

Ní ọdún yẹn, ìtàn kì í ṣe iṣẹ́ tí ó dá dúró ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú Social Studies ni wọ́n rọ́ ọ sí. Fíìmù náà jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀, a kò sì gbọ́ ìró ìjà. Àwọn ọmọ ìgbà náà ni ó wà ní kíláàsì wa báyìí, tí a ń kọ́ láti di olùkọ́. Bí a bá dárúkọ Aburi, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bi wá pé ìpínlẹ̀ wo ni ó wà.