Pàṣípààrọ̀ Ọlọ́wọ́ Kan: Ìtàn Akẹ́kọ̀ọ́ Sáà Kan ní Yunifásítì Amẹ́ríkà



Ọ̀rọ̀ ọjà ni pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ní iṣu tí kò ní iyọ̀ a gbé iṣu rẹ̀ lọ bá ẹni tó ní iyọ̀ tí kò ní iṣu; wọn a wo ọjà ara wọn, wọn a sì gbà pé ó tó. Bí ẹnì kan bá gba ti ẹnì kejì tí òun kò sì fún un ní nǹkan kan, a kì í pe ìyẹn ní pàṣípààrọ̀. Ó ní orúkọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a wá ń lò fún ọmọ yunifásítì tó fi ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó lọ jókòó sí kíláàsì ní Amẹ́ríkà, tó sì padà wálé wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni bí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tó ṣeé ṣe, àti ìdí tí àwọn ọmọ tiwa kì í fi rí àyè púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń kàwé ní ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo sáà náà fúnra rẹ̀. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà sẹ̀mẹ́sítà ti wá, oṣù mẹ́fà ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọwọ́ àwọn yunifásítì Jámánì ni Amẹ́ríkà sì ti gbà á. Kò pé oṣù mẹ́fà mọ́. Sáà àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, a sì parí ní oṣù kejìlá. Èkejì a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, a parí ní oṣù karùn-ún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú sáà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn sáà ló jẹ́ kí pàṣípààrọ̀ ṣeé ṣe, bí kò ṣe òǹkà. Nígbà tí Charles Eliot di olórí Harvard ní 1869, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ máa yan ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́. Bí olúkúlùkù bá sì ń yan tirẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ẹni méjì ti ṣiṣẹ́ tó dọ́gba? Wákàtí ni wọ́n fi dáhùn: iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní kíláàsì lọ́sẹ̀ ni iye yúníìtì tí yóò gbà.

Ohun tó mú kí òǹkà yìí tàn kálẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní 1905, Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ tó fi òwò irin lówó, fi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àjọ tó ń tọ́jú owó náà sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n wákàtí kan náà díwọ̀n ohun tí ọmọ ti kọ́ ní ilé-ìwé gíga kí ó tó wọlé. Ta ni yóò kọ owó ìfẹ̀yìntì? Láìpẹ́ láìjìnnà, gbogbo ilẹ̀ náà ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ẹ̀kọ́, yúníìtì sì wá dà bí owó ẹyọ: a lè kó o láti ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn, kí a sì ná an níbẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a bá nílé. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì ti London ni ó wà. Ìdánwò ńlá ìgbẹ̀yìn ló ń sọ ẹni tó yege àti ẹni tó kùnà. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ odindi. Ènìyàn kò lè gé sáà kan kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni gé iṣu, kí ó lọ fi ti ibòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ fi òǹkà yìí rán ọmọ tiwọn jáde. Ní oṣù keje ọdún 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́jọ láti Yunifásítì ti Delaware wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lo ọdún kẹta ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀. Raymond Kirkbride, olùkọ́ èdè Faransé tó ti jagun ní Yúróòpù, ló mú àbá náà wá. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún ni a kà mọ́ ti ilé fún wọn.

Àwọn èèyàn tiwa ti dé Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Orishatukeh Faduma, tí àwọn òbí Yorùbá tí a gbà kúrò lóko ẹrú bí sí Guyana, tí a sì tọ́ dàgbà ní Sierra Leone, ń jẹ́ William James Davies títí di 1887 tí ó fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Ó gba oyè ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Yale ní 1894, ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó kú sí ní 1946. Nnamdi Azikiwe dé ibẹ̀ ní 1925, ó gba oyè ní Yunifásítì Lincoln ní 1930, kò sì kúrò ní ilẹ̀ náà títí di 1934. Ó fọ abọ́, ó ṣe lébìrà, kí ó tó rí owó ilé-ìwé san. Ní 1924, òfin tó dín iye àwọn àlejò tó lè wọ Amẹ́ríkà kù ya akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀: kò kà á mọ́ iye náà, níwọ̀n bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan ló bá wá. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Kò sí ọmọ Amẹ́ríkà kankan tó ń bọ̀ wá jókòó sí àyè tó fi sílẹ̀ nílé.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lé lórí nínú wọn ni Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bethune-Cookman ní Florida ló lọ. Mary McLeod Bethune, ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 1904 pẹ̀lú ọmọbìnrin márùn-ún. Ní àkókò tí Fáfúnwá wà níbẹ̀, òfin Florida kò gbà kí dúdú àti funfun jọ kàwé ní kíláàsì kan náà. Ó gba oyè níbẹ̀ ní 1950, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Kí ni ó mú bọ̀? Ní 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló ṣíwájú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹfà, nígbà tí kíláàsì tí a fi ń wé tiwọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń rò pé ìrìnàjò ẹ̀kọ́ a máa sọ ènìyàn di àjèjì sí èdè rẹ̀, kí ó rò ó wò: ọmọ tó ti Florida àti New York dé ló wá jà fún Yorùbá nínú kíláàsì ju ọ̀pọ̀ àwọn tí kò kúrò nílé rí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ohun èlò ogun tó ṣẹ́ kù kún àwọn ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ilẹ̀ tó fẹ́ rà á kò sì ní dọ́là. Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright ti Arkansas, tí òun náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní Oxford, dá a lábàá pé kí wọ́n fi owó ìlú wọn san án, kí a sì fi owó náà ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1946. Òfin 1956 fi kún un pé àlejò pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ gbé ìta Amẹ́ríkà fún ọdún méjì kí ó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú. Òfin 1961, tó tún orúkọ Fulbright jẹ́, ló dá físà J sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo òfin wọ̀nyí ń tọ́jú ìpadàlọ àlejò ni. Wọn kò sọ ohun tí àlejò náà ní láti mú wá.

J. P. Clark rí ìyẹn fúnra rẹ̀. Ní 1962, lẹ́yìn tí ó ti gba oyè ní Ìbàdàn tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó, wọ́n pè é sí Princeton fún ọdún ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ ètò Parvin. Kò parí ọdún náà tí wọ́n fi ní kí ó máa lọ. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, *America, Their America*, jáde ní 1964, inú sì ń bí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Àwọn kan sọ pé aláìmoore ni. Lójú tèmi, àléébù náà wà nínú ètò ọ̀hún: a ṣètò ohun gbogbo kí àlejò lè rí Amẹ́ríkà, a kò ṣètò ohunkóhun kí Amẹ́ríkà lè gbọ́ ti àlejò.

Láàrin èyí, òǹkà yúníìtì ti wọ Nàìjíríà. Azikiwe kò gbàgbé Lincoln. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí a ṣí ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, gba ọ̀pọ̀ nǹkan lára ìlànà Amẹ́ríkà. Lónìí, yúníìtì àti sẹ̀mẹ́sítà ni gbogbo wa ń lò. Owó tí a lè fi ṣòwò ti wà lọ́wọ́ àwa náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan bí 20,000 ọmọ Nàìjíríà ló ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó epo ló rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tí owó epo wálẹ̀, tí náírà sì já lulẹ̀ ní 1986, ọ̀nà yẹn dí mọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù.

Àdéhùn yunifásítì sí yunifásítì ló kù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ọmọ tiwa san owó ilé-ìwé tiwa, ó lọ jókòó lọ́hùn-ún, ọmọ tiwọn san tiwọn, ó wá jókòó níbí. Ẹni méjì lọ, ẹni méjì bọ̀, owó ilé-ìwé kò sì kọjá òkun. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ọ̀hún wá, kò sí àyè tí ọmọ tiwa yóò jókòó sí. Wọn kò sì wá, nítorí kàlẹ́ńdà wa. Ní 2013, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù márùn-ún ó lé. Ní 2020, ó gba bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ó sì parí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Èmi kò da ẹ̀bi lé olùkọ́ lórí. Àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ní 2009 tí kò mú ṣẹ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí wo ní Ohio ni yóò rán ọmọ rẹ̀ wá fún sáà tí kò mọ ọjọ́ tí yóò parí?

Síbẹ̀ àwọn kan wá, ohun tí wọ́n sì bá wá ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Èdè Yorùbá ni. Láti ìgbà òfin 1958 tó fi owó ìjọba Amẹ́ríkà sí ẹ̀kọ́ èdè òkèèrè ni Yorùbá ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì wọn. Owó òfin 1961 ti kó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá sí Ifẹ̀ láti kọ́ ọ. Ní àwọn ọdún 2010, àwọn mìíràn wá sí Ìbàdàn lábẹ́ ètò Flagship, tí iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ń san owó rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wa pẹ̀lú ti lọ lo ọdún ẹ̀kọ́ kan lọ́hùn-ún lábẹ́ ètò Fulbright, tí wọ́n ń kọ́ni ní Yorùbá, tí àwọn náà sì ń jókòó sí kíláàsì. Nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, àyè ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí pàṣípààrọ̀ tí ọjà wà lọ́wọ́ ẹni méjèèjì.

Ọmọ tiwa tó bá rí àyè lọ ní iṣẹ́ ńlá níwájú. Ní ọjọ́ kìíní, wọn yóò fún un ní ìwé tó kọ gbogbo iṣẹ́ sáà náà sílẹ̀, títí kan ọjọ́ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni máàkì ń wọlé. A ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ọ̀hún, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní máàkì tirẹ̀, òdo sì ni. Yóò gbọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní orúkọ àbísọ, ara rẹ̀ yóò sì bù máṣọ. Oṣù mẹ́rin kò tó láti sọ ọ́ di ẹlòmíràn, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó tó bẹ́ẹ̀. Ó tó láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Nígbà tí ó bá padà dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kọ́ Yorùbá níbí, wọ́n ti kọ iye yúníìtì tí yóò gbà sílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ tiwa a mú èsì rẹ̀ dé, a kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka, lẹ́tà a lọ sí fákọ́tì, fákọ́tì a bi í pé ẹ̀kọ́ wa wo ni èyí dọ́gba pẹ̀lú. Mo mọ ju ẹnì kan lọ tó tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì jáde ní ọdún kan lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gba owó, kò sì gba físà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jókòó kí ó to ẹ̀kọ́ tiwa àti ti yunifásítì tí a bá ṣàdéhùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìwé kan, kí Sẹ́nétì fọwọ́ sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tó lọ. Mo ti fi àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.