Ojú Tó Ń Wo Ọkàn Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Pààrọ̀ Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Piacenza, Turin, Padua àti gbogbo apá àríwá Ítálì, orúkọ Guglielmo da Saliceto ni wọ́n fi sọ ilé ìwòsàn Piacenza. Oníṣẹ́ abẹ ni, ó sì kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ abẹ ní nǹkan bí ọdún 1275. Láyé tiẹ̀, ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì kàn nìkan ni dókítà lè mọ̀. Lónìí, a lè wo ọkàn láì la àyà. Ṣé kò léwu fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì lè sọ ẹ̀dọ̀ di líle gbagidi. Nígbà míì, ẹ̀dọ̀ tuntun ló kù. Turin àti Padua ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ láti ọdún 1990.

Thomas Starzl ló kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn, ní Denver, ní March 1963. Ọmọdé ni aláìsàn náà. Ẹ̀jẹ̀ dà títí ó fi kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó yá, wọ́n rí ewu mìíràn: bí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ tuntun, ẹ̀jẹ̀ tútù tó kún fún ásíìdì àti potassium á rọ́ lọ sínú ọkàn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìfúnpá lè já wálẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dín ni? Ṣé ó ti rẹ ọkàn? Àbí ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà? Nọ́ńbà ìfúnpá nìkan ò lè sọ.

Ní 1953, Edler àti Hertz lo ìró láti wo ọkàn ní Lund, ní Sweden. Ní 1976, àwọn dókítà ní Chicago gbé ẹ̀rọ náà sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí aláìsàn ń gbé mì, kó lè wo ọkàn láti ẹ̀yìn. Kí ọdún 1990 tó dé, ó ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀rù bà wọ́n, ó sì tọ́. Ẹ̀dọ̀ líle máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ wú, ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè dì. Ní 2001, ìwádìí kan ní Boston lórí aláìsàn 7,200 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún rí i pé ọ̀pá náà ṣe bí ènìyàn 2 nínú 1,000 léṣe. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ti ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀, ìwádìí ti fi hàn pé ìdàjẹ̀ ńlá ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe òdo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ìtàn ọ̀fun aláìsàn kí wọ́n tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, tí wọn kì í sì í fipá tì í.

Ta ló sì máa ń túmọ̀ ìtàn yẹn fún dókítà? Ẹ̀yin ọmọ ni. Tí Mọ́mì tàbí Dádì bá fẹ́ fọwọ́ sí consenso, ẹ bi wọ́n: ṣé wọ́n ti bì ẹ̀jẹ̀ rí? Ṣé wọ́n ti yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà? Ṣé oúnjẹ máa ń há wọn lọ́fun? Ṣé wọ́n ti so iṣan kankan fún wọn níbẹ̀? Bí wọ́n bá ń tijú, ẹ fi sùúrù bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ẹ̀rọ lè rí ọkàn, àmọ́ kò lè mọ ohun tí a fi pamọ́.