Wagashi: Kàlẹ́ńdà Tí Àwọn Ará Jàpáànì Ń Jẹ

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdọọdún, ohun jíjẹ onígun mẹ́ta kan ni àwọn ará ìlú Kyoto máa ń wá kiri ṣọ́ọ̀bù. Minazuki ni wọ́n ń pè é. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni wọ́n pò, tí wọ́n fi oru omi sè títí ó fi dì, tó funfun, tó sì ń fà díẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n wá da azuki, ẹ̀wà pupa wẹẹrẹ, bo orí rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀wà pupa ń lé ibi sá, igun mẹ́ta náà sì dúró fún yìnyín. Láyé àtijọ́, yìnyín tí wọ́n ti kó pamọ́ sínú ihò láti ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ààfin nígbà tí ooru bá mú. Níbo ni mẹ̀kúnnù yóò ti rí i? Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi gé tiwọn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ń ṣe ìwẹ̀nùmọ́ ìdajì ọdún ní àwọn ojúbọ ẹ̀sìn Ṣintó.

Minazuki jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun dídùn tí wọ́n ń pè ní wagashi. Orúkọ àpapọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ẹ̀yìn ọdún 1868, nígbà tí kéèkì àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìlú, ni wọ́n fi “wa”, tó túmọ̀ sí ti Jàpáànì, ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n lè ya tiwọn sọ́tọ̀. “Kashi” nìkan ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, èso igi ni ọ̀rọ̀ náà sì túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òrìṣà àwọn tó ń ṣe wagashi fi jẹ́ ẹni tó lọ wá èso. Ìwé ìtàn Kojiki, tí wọ́n kọ parí ní ọdún 712, sọ bí ọba Suinin ṣe rán Tajimamori lọ sí ilẹ̀ àìkú láti wá ọsàn tachibana wá. Kí ó tó padà dé, ọba ti wàjà. Ó gbé èso náà lọ sí ojú oórì, ó sì sunkún títí ó fi kú. Wọ́n ń bọ ọ́ títí dòní ní ojúbọ Nakashima, ní ìlú Toyooka.

Ṣúgà kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú àkọsílẹ̀ oògùn tí ààfin fi ta tẹ́ḿpìlì Tōdai-ji lọ́rẹ ní ọdún 756, ṣúgà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín egbòogi ni wọ́n to orúkọ rẹ̀ sí. Oje ìtàkùn kan, amazura, ni àwọn ọlọ́lá fi ń mú nǹkan dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1000, Sei Shōnagon, obìnrin tó ń sin ayaba, ka yìnyín tí wọ́n da amazura sí nínú abọ́ irin tuntun mọ́ àwọn ohun tó fani mọ́ra.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará Jàpáànì wá ń pè ní tiwọn lónìí ni ó ti òkè òkun wá. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yōkan, ohun dídùn dídì kan tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe, sílẹ̀, “ọbẹ̀ àgùntàn” ni, ọbẹ̀ ẹran náà ló sì jẹ́ ní Ṣáínà. Àmọ́ àwọn mọ́ǹkì Zen tó kó o wọlé kì í jẹ ẹran, ni wọ́n bá fi ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọbẹ̀ gbẹ, ó dì, ó di dídùn, ẹnikẹ́ni kò sì rántí àgùntàn mọ́. Ìtàn manjū, ìyẹ̀fun sísè tí wọ́n fi nǹkan sínú rẹ̀, jọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ Ṣáínà kan, Lin Jingyin, ló dé Nara ní 1349, tó fi azuki dípò ẹran inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Shiose tó wà ní Tokyo ka ọdún yẹn sí ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Potogí, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tanegashima ní 1543, ló kó kéèkì kasutera oníẹyin wá, àti konpeitō, ṣúgà kóńkóló tó ní ìwo wẹ́wẹ́. Ní 1569, àlùfáà Luis Frois gbé ìgò konpeitō kan fún jagunjagun Oda Nobunaga.

Títí di àsìkò yìí, ohun dídùn lásán ni. Kyoto ló sọ ọ́ di kàlẹ́ńdà.

Àsè tíì mímu, tí Sen no Rikyū (1522–1591) fún ní ìlànà, ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà níwájú àlejò bá ọjọ́ náà mu, láti orí òdòdó inú ìkòkò dé orí ife. Bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ohun dídùn náà wọ inú ìlànà yìí. Lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣẹ́ Kyoto ti ń ya àwòrán wagashi sínú ìwé kí oníbàárà lè yan èyí tó wù ú. Ṣọ́ọ̀bù Toraya, tó ti ń sin ààfin láti ìgbà ọba Go-Yōzei, ṣì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan tó ti 1695 wá.

Ẹ̀wà funfun ni olórí èròjà nerikiri, tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Wọ́n á sè é, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi ṣúgà rò ó lórí iná, wọ́n á sì fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ tàbí iṣu pò ó kó lè ṣeé mọ. Wọ́n á wá pa á láró, wọ́n á fi ọwọ́ àti igi olójú mẹ́ta ya ìlà òdòdó sí i lára. Orúkọ sì ṣe pàtàkì. Tatsuta ni odò tí àwọn akéwì ayé àtijọ́ máa ń so mọ́ ewé pupa tó ń léfòó lójú omi, nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé wagashi kan tó ń jẹ́ Tatsuta síwájú àlejò, ó ti mọ̀ pé ìgbà ìwọ́wé ti wọlé. Ohun jíjẹ náà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ojú ọjọ́ díẹ̀. Tí sakura bá ṣì wà nínú ìrudi, òdòdó ni wọ́n ń mọ. Tí òdòdó bá ti ń já bọ́, wọ́n á mọ hanaikada, òdòdó tó ń ṣàn lọ lójú odò.

Àwọn ará Edo, ìlú tó di Tokyo, kò ní sùúrù fún gbogbo àràbarà yẹn. Ewé ló kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lójú. Ní 1717, ṣógùn Tokugawa Yoshimune ń gbin igi sakura sí etí odò Sumida. Yamamoto Shinroku, aṣọ́nà tẹ́ḿpìlì Chōmeiji, ló ń gbá ewé tó ń já bọ́. Wọ́n ní ó rẹ ewé náà sínú iyọ̀, ó fi wé ẹ̀wà dídùn tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ bò, ó sì ń tà á fún àwọn tó wá wòran òdòdó. Bí sakuramochi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àkọsílẹ̀ kan tí òǹkọ̀wé Kyokutei Bakin kó jọ ní 1825 ka ọjà ọdún tó ṣáájú: àgbá ewé 31, ewé 775,000. Ewé méjì ni wọ́n fi ń wé ẹyọ kan, nítorí náà ẹyọ 387,500 ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ṣe lọ́dún kan.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, ewé igi kashiwa ni wọ́n fi ń wé ohun dídùn ọjọ́ náà, nítorí ewé gbígbẹ rẹ̀ kì í já bọ́ títí ọ̀mùnú tuntun yóò fi yọ, ohun tí òbí ń tọrọ fún ìdílé nìyẹn. Ìrẹsì tí wọ́n gún, tí wọ́n fi azuki bò, tilẹ̀ ń pààrọ̀ orúkọ lọ́dún kan náà. Nígbà ìrúwé, tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba, botamochi ni, látinú orúkọ òdòdó botan. Nígbà ìwọ́wé, ó di ohagi, látinú orúkọ òdòdó hagi.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba yí kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ padà. Wọ́n pa kàlẹ́ńdà olóṣùpá tì, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún karùn-ún ọba Meiji sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1873. Àwọn ọdún àtijọ́ sún síwájú bí oṣù kan. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ọjọ́ òdòdó píìṣì àti àwọn ọmọbìnrin, wá bọ́ sí àsìkò tí píìṣì kò tíì tanná. Síbẹ̀ hishimochi, tó ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, funfun àti àwọ̀ ewé, ṣì ń jáde lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ìtàn ojú ọjọ́ tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn ohun tuntun náà kò bọ́ lọ́wọ́ àkókò. Kimura Yasubei, tó fi ẹ̀wà dídùn sínú búrẹ́dì ní 1874, gbé e fún ọba Meiji ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1875. Òdòdó sakura oníyọ̀ kan wà ní ìdodo búrẹ́dì náà.

Ní 1979, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ wagashi sọ ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà di ọjọ́ wagashi, ní ìrántí àṣà ayé àtijọ́ tí ṣógùn fi ń pín ohun dídùn fún àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní 2022, ìjọba forúkọ nerikiri sílẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ewé sakura tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ náà ń wá láti Matsuzaki, ní agbègbè Shizuoka. Ìgbà ooru ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń já a, wọ́n á dì í ní ìdì àádọ́ta-àádọ́ta, wọ́n á tò ó sínú àgbá ńlá pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí. Nínú iyọ̀ náà ni òórùn tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìrúwé ti ń jáde wá, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí igi kankan tó tanná.