Ọdún Mẹ́ta Lórí Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 67, kí ẹ wá yọ 1 kúrò. Ohun tí ẹ máa rí ni 147,573,952,589,676,412,927.

Lọ́dún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ Faransé, sọ pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1876, Édouard Lucas fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí àwọn nọ́ńbà tó pín in. Ó mọ̀ pé olè wà nínú ilé, kò kàn rí i mú ni.

Ní Oṣù Kẹwàá 1903, Frank Nelson Cole bọ́ síwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York. Wọ́n ní kò la ẹnu rárá. Ó ṣírò nọ́ńbà yẹn sára pátákó, ó wá sọ 761,838,257,287 di púpọ̀ lọ́nà 193,707,721. Èsì méjèèjì bára mu. Ni àtẹ́wọ́ bá sọ! Wọ́n ní ọjọ́ Sọ́ńdè ọdún mẹ́ta ló fi wá a.

Ohun tó wú mi lórí nìyí: wíwá a gba ọdún mẹ́ta, yíyẹ̀ ẹ́ wò kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Irú ìyàtọ̀ yẹn wà lára ohun tó ń ṣọ́ àṣírí yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.