Láti Orí Ìtàgé Dé Ìdí Gègé: Bí Mary Elizabeth Braddon Ṣe Di Òǹkọ̀wé Ìtàn Ìfẹ́ àti Àṣírí

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní ọdún méje rèé tí òun ti ń ṣe tíátà, ipa kéékèèké ni wọ́n ń fún òun. Ó ní ohun tó ń wu òun báyìí ni kí òun jókòó kọ ìwé ìtàn ìfẹ́, irú èyí tí àṣírí ńlá wà nínú rẹ̀, tí èèyàn ò ní lè gbé e sílẹ̀ kí ó tó mọ ibi tó máa já sí. Ìbéèrè rẹ̀ wá ni pé: "Tí mo bá fi tíátà sílẹ̀, ṣé ọdún méje yẹn ò ti ṣòfò báyìí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ́tí sí ohùn yẹn. Mi ò lè fi ìgbésí ayé tèmi dá a lóhùn, torí èmi ò ṣe tíátà rí. Ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ ni mo máa ń wà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn obìnrin kan tó ti rin ọ̀nà yìí, ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún báyìí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Orúkọ mìíràn fún ìtàgé

Ìlú London ni wọ́n ti bí Mary Elizabeth Braddon, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, ọdún 1835. Lọ́yà ni Henry, bàbá rẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ ju kó máa sá tẹ̀lé obìnrin kiri lọ. Nígbà tó di ọdún 1840, ọ̀rọ̀ náà sú Fanny, ìyá Mary. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká rántí irú ayé tí obìnrin wà ní England nígbà yẹn. Òfin tó gba ilé ẹjọ́ láyè láti tú ìgbéyàwó ká pátápátá, ọdún 1857 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Kó tó dìgbà náà, àfi kí èèyàn ní owó àti ẹsẹ̀ tó máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Obìnrin tó bá jáde nílé ọkọ, owó ọwọ́ rẹ̀ gan-an kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ lójú òfin. Fanny ń tọ́ ọmọ, owó ò sì tó.

Iṣẹ́ wo ló wà fún ọmọbìnrin ilé ire nígbà yẹn? Kó máa kọ́ ọmọ olówó níwèé nínú ilé wọn, kó máa ránṣọ, tàbí kó wá ọkọ tó rí jájẹ. Mary ò mú ọ̀kankan nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1852, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó gba orí ìtàgé lọ.

Ẹ ò lè lóye bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tó tí ẹ ò bá rántí ojú tí àwọn àgbà wa fi ń wo àwọn alárìnjó láyé ìjọsí, tí wọ́n ń pè wọ́n ní alágbe, tí bàbá kan ò sì ní gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní England. Òṣèré ọkùnrin ṣì lè rí ẹni bọ̀wọ̀ fún un. Tó bá jẹ́ obìnrin, ojú aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó. Nítorí náà, Mary fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìtàgé ni Mary Seyton. Ìyá rẹ̀ sì ń bá a lọ láti ìlú dé ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí ọmọ náà.

Ó tó ọdún mẹ́jọ tó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Kò di gbajúmọ̀. Ó bá ẹgbẹ́ òṣèré ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú tó jìnnà sí London, ó sì lo sáà bíi mélòó kan ní Brighton, létí òkun. Ẹgbẹ́ òṣèré ìlú kékeré ayé ìgbà yẹn kì í ṣe eré kan fún oṣù kan gbáko. Eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà mìíràn eré méjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Òní, o di ìyá arúgbó. Ọ̀la, o di ìránṣẹ́bìnrin. Àárọ̀ lo gba ọ̀rọ̀ rẹ, alẹ́ lo máa sọ ọ́ láì wo ìwé. Bí ẹ bá sì pa àwọn èèyàn lọ́wọ́ níbi tó yẹ kí ẹ ti pa wọ́n lẹ́kún, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ìgbà tó ṣì ń ṣeré yìí náà ló ti ń kọ ewì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìlú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Kò dúró di ìgbà tó kúrò lórí ìtàgé kó tó mú gègé.

Ìwé tí wọ́n kọ láti dí àlàfo

Ọdún 1860 ni ohun gbogbo yí padà. Ọkùnrin olówó kan ní agbègbè Yorkshire, John Gilby, fẹ́ràn ewì rẹ̀, ó sì fún un lówó kó lè jókòó kọ̀wé. Ewì gígùn nípa Garibaldi, jagunjagun ilẹ̀ Ítálì, ni Gilby fẹ́. Mary kọ ewì náà, ṣùgbọ́n ó tún kọ ohun tí ọkàn tirẹ̀ fẹ́: ìtàn ìpànìyàn kan tó pè ní Three Times Dead. Òǹtẹ̀wé kan ní Beverley ló tẹ̀ ẹ́, kò sì tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí The Trail of the Serpent, ó sì wá tà. Nínú ìwé yẹn, ọlọ́pàá tó ń tú àṣírí apànìyàn kò lè sọ̀rọ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kà á, mo ní, "Àbí ẹ ò rí nǹkan! Òṣèré ló kọ èyí." Ta ló tún máa ronú pé ẹni tí kò ní ohùn ni kí òun gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́, àfi ẹni tó ti mọ̀ pé ara nìkan tó sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé?

Ọdún 1860 yẹn náà ló pàdé John Maxwell, ọkùnrin tó ń gbé ìwé ìròyìn jáde ní London. Ní ọdún 1861, Maxwell dá ìwé ìròyìn tuntun kan sílẹ̀, Robin Goodfellow, àmọ́ ìtàn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò dé lásìkò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Mary ní òun á kọ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ ti lọ jù. Ó béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n lè dúró dà, wọ́n ní di àárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àkọ́kọ́ ti wà lórí tábìlì.

Ìtàn yẹn ni Lady Audley's Secret. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, bí fíìmù alápá púpọ̀. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé láàárín oṣù díẹ̀, ìtàn ò sì tíì parí. Àwọn òǹkàwé ò gbà. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tó máa já sí, ló bá di pé wọ́n gbé ìtàn náà lọ sínú ìwé ìròyìn mìíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1862, ilé iṣẹ́ Tinsley tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ìdìpọ̀ mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti tún un tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Tinsley fi owó rẹ̀ kọ́lé, ó sì sọ ilé náà ní Audley Lodge.

Mi ò ní sọ ìparí rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin arẹwà kan, Lucy Graham, ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Olówó àgbàlagbà kan, Sir Michael Audley, fẹ́ ẹ. Inú gbogbo ayé dùn. Ní àkókò kan náà, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Australia pẹ̀lú owó góòlù, ó ń wá ìyàwó tó fi sílẹ̀ nílé. Wọ́n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ di àwátì nínú ọgbà àwọn Audley. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́yà kan tó ya ọ̀lẹ, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nínú wíwá náà ni ó sì ti pàdé obìnrin tí òun náà nífẹ̀ẹ́.

Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù ba àwọn èèyàn ìgbà yẹn jù ni pé ọ̀daràn inú ìtàn náà kì í ṣe ọkùnrin onírùngbọ̀n tó lúgọ sínú òkùnkùn. Ìyàwó ilé ni, irun rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń po tíì. Obìnrin náà ti pààrọ̀ orúkọ, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé olówó. Lójú tèmi, òṣèré ni Lady Audley. Ilé ọkọ ni ìtàgé rẹ̀. Ẹni tó sì kọ ọ́ ti fi ọdún mẹ́jọ jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti rí i bí ìpara díẹ̀ àti aṣọ àyálò ṣe ń sọ ọmọ aláìní di ìyáàfin lójú gbogbo èèyàn.

Ìtàgé gbẹ̀san

Ní ọdún 1863, àwọn ilé eré London sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé. Èrò ya lọ wò ó. Ẹ máa rò pé owó ńlá ló wọ àpò Mary. Rárá o. Òfin ìgbà yẹn gbà kí ẹnikẹ́ni mú ìtàn inú ìwé, kó sì fi ṣeré, láì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́. Tinsley gbé ẹnì kan lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún yẹn, ẹni tó tẹ eré náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ilé ẹjọ́ ní títẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ kò bófin mu, àmọ́ ṣíṣe eré náà kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Bí ìtàgé tí kò fún un ní ipa gidi ṣe wá ń jẹun lórí ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Ìyẹn tún kéré. Mary àti Maxwell ti ń gbé pọ̀ láti 1861, ṣùgbọ́n ìyàwó tí Maxwell kọ́kọ́ fẹ́ ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbé pọ̀ mọ́. Mary ń tọ́ ọmọ márùn-ún tí obìnrin náà bí, òun náà sì bí mẹ́fà. Ní 1864, ìròyìn jáde pé wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ìbátan ìyàwó àkọ́kọ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé irọ́ ni. Àwọn aṣelámèyítọ́ náà ò dákẹ́. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ ń ba ọmọbìnrin jẹ́, wọ́n ní ìwé ilé ìdáná ni. Nígbà tí ìyàwó àkọ́kọ́ kú ní 1874, tí Mary àti Maxwell sì wá ṣègbéyàwó tòótọ́, àṣírí náà tú débi pé àwọn ìránṣẹ́ ilé wọn ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹni tó kọ ìtàn obìnrin tó ń bẹ̀rù kí àṣírí ìgbéyàwó rẹ̀ má tú, òun náà wà nínú ẹ̀rù yẹn fún ọdún mẹ́tàlá.

Kí ló ṣe? Ó ń kọ̀wé lọ. Aurora Floyd tẹ̀lé Lady Audley ní 1863. Láti 1866 sí 1876, òun ló jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Belgravia. Ìwé tó kọ lé ní ọgọ́rin. Ìyá rẹ̀ tó bá a rìn kiri nígbà tíátà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jẹun kánú. Nílé rẹ̀ ní Richmond ni ó kú sí, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, ọdún 1915, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Sí ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́

Àbúrò mi, tàbí ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ èwo. Mi ò ní tàn ọ́. Mary rí olówó kan tó kọ́kọ́ gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó sì rí Maxwell tó ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn kọ́ ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré ayé ìgbà rẹ̀ ló fi ìtàgé sílẹ̀ tí a ò gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ọdún méje rẹ kò ṣòfò. O ti dúró níwájú èèyàn, o sì mọ ìgbà tí wọ́n ń wo fóònù wọn àti ìgbà tí wọ́n gbàgbé láti mí. O mọ ohun tí olówó inú eré ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá ń purọ́. Ipa kékeré tí wọ́n ń fún ọ, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló gbé ọ sí, ibẹ̀ lo sì ti ń rí gbogbo wọn. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ orí kìíní lálẹ́ òní, kó o ṣì máa lọ síbi eré lọ́la. Tó o bá parí orí kìíní yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á.

Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ bá ti pààrọ̀ iṣẹ́ rí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kó láti inú ti àtijọ́ wá sínú tuntun. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.